Ọ̀wọ́ Elékítírọ́ọ̀nù àti Ìgbì nínú Plásímà tí Ìki Rẹ̀ Kò Dọ́gba: Àyẹ̀wò Àríyànjiyàn tí Sturrock Dá Sílẹ̀

Ìfáárà

Ní ọdún 1964, P. A. Sturrock sọ ohun kan nípa oòrùn tí ó da ọkàn àwọn onímọ̀ físíìsì rú. Ó ní bí ìṣirò tí gbogbo wọn gbà bá tọ̀nà, kò yẹ kí ọ̀wọ́ elékítírọ́ọ̀nù kankan tí ó bá jáde láti ojú oòrùn lè rìn jìnnà kí agbára rẹ̀ tó tán sínú ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọ̀wọ́ wọ̀nyí ń la òfuurufú já, wọ́n sì ń dé ìtòsí ayé. Láti ìgbà náà ni ìdáhùn oríṣiríṣi ti ń jáde. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ àwọn tí ó lórúkọ jù lọ nínú àwọn ìdáhùn náà wò, kí ó sì fi hàn pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni àbá-ìpìlẹ̀ kan tí àwọn onímọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí: pé plásímà tí ọ̀wọ́ náà ń là kọjá dọ́gba jálẹ̀jálẹ̀. Yóò tún fi hàn pé àwọn tí ó kọ àbá yìí sílẹ̀ lẹ́yìn náà kò pe ohun kan náà ní àìdọ́gba, àti pé èyí ti mú kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn láìgbọ́ ara wọn yé.

Ó yẹ kí ìlò ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta di mímọ̀ ní kíákíá. Plásímà ni gáàsì tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí elékítírọ́ọ̀nù ti já kúrò lára átọ́ọ̀mù. Irving Langmuir ni ó fún un lórúkọ náà ní 1928. Ọ̀wọ́ ni àwọn elékítírọ́ọ̀nù tí ó ń sá lọ sí ìhà kan náà pẹ̀lú eré tí ó súnmọ́ra. Bí wọ́n bá pè é ní ìtànṣán, ọkàn òǹkàwé yóò lọ sọ́dọ̀ ìmọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kọ́ sì ni èyí. Ìki dúró fún iye elékítírọ́ọ̀nù tí ó wà nínú sẹ̀ntímítà kúbíìkì kan.

Ariwo Oòrùn àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

J. P. Wild àti L. L. McCready ni ó kọ́kọ́ pín ariwo rédíò tí ń wá láti oòrùn sí ìsọ̀rí, ní Ọsirélíà, ní ọdún 1950. Ìsọ̀rí kẹta, tí wọ́n ń pè ní Type III títí di òní, ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ariwo náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí iye ìgbọ̀n tí ó ga, a sì máa wálẹ̀ láàrin ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ìtumọ̀ tí Wild fún un kò tíì yí padà. Plásímà kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbọ̀n tirẹ̀, ìki rẹ̀ nìkan ni ó sì ń pinnu rẹ̀. Níbi tí elékítírọ́ọ̀nù 100,000,000 bá wà nínú sẹ̀ntímítà kúbíìkì kan, bí ó ti rí ní ìsàlẹ̀ adé oòrùn, iye ìgbọ̀n náà tó 90 megahertz. Níbi tí ó bá jẹ́ 1,000,000, ó di 9 megahertz. Lẹ́bàá ayé, níbi tí ó sábà máa ń wà láàrin 5 àti 10, kò ju 20 sí 28 kilohertz lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tí iye ìgbọ̀n rẹ̀ bá ń wálẹ̀ báyìí ń sá kúrò níbi tí plásímà ti ki lọ sí ibi tí ó ti fúyẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ṣírò eré rẹ̀ yóò rí i pé ó sábà máa ń súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta eré ìmọ́lẹ̀, ìyẹn 100,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn onímọ̀ gbà pé elékítírọ́ọ̀nù ni. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú sì wá rí àwọn elékítírọ́ọ̀nù náà lójúkojú lẹ́yìn náà.

Bí elékítírọ́ọ̀nù ṣe ń fún ìgbì ní agbára kò lè ṣòro fún ẹni tí ó bá ti ti ọmọdé lórí jangirọ́fà rí. Kì í ṣe agbára ẹni tí ó ń tì í ni ó ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe pé kí ó máa tì í ní àsìkò tí ó bá ìlọ àti àbọ̀ rẹ̀ mu. Elékítírọ́ọ̀nù tí eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti orí ìgbì ni ó wà ní irú ipò yìí. Èyí tí ó fi díẹ̀ yára ju orí ìgbì lọ yóò ti ìgbì síwájú, eré tirẹ̀ yóò sì dínkù. Èyí tí ó fi díẹ̀ falẹ̀ jù ú lọ, ìgbì ni yóò gbé e sáré, agbára ìgbì yóò sì dínkù. Nínú plásímà tí ara rẹ̀ balẹ̀, àwọn tí ó falẹ̀ ni ó máa ń pọ̀ jù, nítorí náà ìgbì a máa kú, gẹ́gẹ́ bí L. D. Landau ti fi hàn ní 1946. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́ kan bá wọlé, tí àwọn tí ó yára wá pọ̀ ju àwọn tí ó falẹ̀ lọ ní àyíká ìyára kan, ìgbì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè. Èyí ni D. Bohm àti E. P. Gross ṣàlàyé ní 1949. Ní 1958, V. L. Ginzburg àti V. V. Zheleznyakov so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ọ̀wọ́ yóò ru ìgbì Langmuir sókè, ìgbì Langmuir yóò sì yí díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ padà sí ìgbì rédíò tí ó lè jáde kúrò nínú plásímà. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ nípa Type III láti ìgbà náà ni ó ń gbé inú ilé tí àwọn méjì yìí kọ́.

Ìṣirò Sturrock

Àléébù ilé náà ni Sturrock rí. Bí ènìyàn bá mú ibi tí iye ìgbọ̀n plásímà ti jẹ́ 90 megahertz, tí ó sì jẹ́ pé elékítírọ́ọ̀nù ọ̀wọ́ kan péré ni ó wà láàrin 1,000,000 ti plásímà, gíga ìgbì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta láàrin nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀wọ́ tí ó ń sá 100,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kò tíì rìn ju 200 kìlómítà lọ nígbà náà. Kódà kí ìgbì ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kí ó tó gba gbogbo agbára tí ó wà fún gbígbà, 20,000 kìlómítà ni gbogbo ìrìn náà. Láti àárín oòrùn dé ojú rẹ̀ ju 690,000 kìlómítà lọ. Láti oòrùn dé ayé jẹ́ nǹkan bí 150,000,000. Ọ̀wọ́ yìí ì bá ti kú sí ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ti jáde.

Ìyìn tí ó tọ́ sí Sturrock ni pé kò wá àwáwí. Ẹlòmíràn ì bá dín iye elékítírọ́ọ̀nù ọ̀wọ́ kù títí ìṣirò yóò fi bá ohun tí ojú rí mu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́ bá kéré jù, kò ní lè dá ariwo tí Wild gbọ́ sílẹ̀; bí ó bá sì pọ̀ tó láti dá ariwo sílẹ̀, kò ní lè rìn. Ìhà méjèèjì ni ó ti dí i pa. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi í léèrè wà níbòmíràn. Ìṣirò náà gbà pé ìgbì tí ó bá ti bá ọ̀wọ́ ṣe déédéé lẹ́ẹ̀kan yóò máa bá a ṣe déédéé títí; ìyẹn ni pé ẹni tí ó ń ti jangirọ́fà kò ní ṣi àsìkò láéláé. Nínú plásímà tí ìki rẹ̀ dọ́gba, kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n Type III fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí pé plásímà kò dọ́gba: bí kò bá jẹ́ pé ìki ń dínkù, iye ìgbọ̀n ariwo kò ní máa wálẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí ìṣòro náà di mímọ̀ ni ìṣirò náà gbé jùnù.

Èésú Ìgbì

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ kò fọwọ́ kan àbá yìí rárá. Ní 1962, A. A. Vedenov, E. P. Velikhov àti R. Z. Sagdeev ní ọwọ́ kan, W. E. Drummond àti D. Pines ní ọwọ́ kejì, gbé tíọ́rì quasi-linear jáde, èyí tí ó ṣírò bí ìgbì ṣe ń yí ìyára àwọn elékítírọ́ọ̀nù padà títí òkè tí ó wà nínú ìpín ìyára wọn yóò fi di pẹrẹsẹ. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni V. V. Zaitsev, N. A. Mityakov àti V. O. Rapoport dúró ní 1972. Àlàyé wọn rọrùn, ó sì gún régé. Elékítírọ́ọ̀nù tí ó yára ni í kọ́kọ́ dé ibi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá dé tí àwọn tí ó falẹ̀ kò tíì dé, ìgbì yóò ru sókè. Nígbà tí àwọn tí ó falẹ̀ bá dé lẹ́yìn, wọn yóò bá ìgbì náà níbẹ̀, wọn yóò sì gbà á padà sára. Agbára tí iwájú ọ̀wọ́ sọnù ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń rí he. Báyìí ni ọ̀wọ́ àti ìgbì yóò ṣe máa lọ pọ̀.

Àlàyé yìí dà bí èésú. Ẹni àkọ́kọ́ dá owó sílẹ̀, ẹni ìkẹyìn kó o. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò lọ́gbọ́n nínú, àwọn ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí ó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ọ̀wọ́ lè rìn jìnnà gan-an lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èésú kò lè dúró bí owó inú àpótí bá ń yí padà kí ẹni tí ó kàn tó dé. Ìgbì Langmuir kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan lóòótọ́: nínú plásímà tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 100,000 kelvin, agbára ìgbì tí orí rẹ̀ ń sá 100,000 kìlómítà kì í rìn ju nǹkan bí 45 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn onígbèjà àlàyé yìí a máa fi èyí ṣe ẹ̀rí pé àpótí náà kò yẹ̀. Ohun tí wọn kò fi pẹ̀lú rẹ̀ ni pé ìyára orí ìgbì náà lè yí padà nígbà tí agbára rẹ̀ kò tíì kúrò níbi tí ó wà. Elékítírọ́ọ̀nù tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kò wá ìgbì lásán. Ìgbì tí eré rẹ̀ bá tirẹ̀ mu ni ó ń wá. Bí ìyẹn bá ti yí padà, yóò bá àpótí níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí ó lè ná.

Ìdagẹ̀rẹ̀ Ryutov

D. D. Ryutov ni ó gbé àìdọ́gba wá sí àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀, ní 1969, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí ọ̀wọ́ elékítírọ́ọ̀nù ṣe ń fara balẹ̀ nínú plásímà tí ìki rẹ̀ kò dọ́gba. Iṣẹ́ náà kúrú, òun ni ó sì jinlẹ̀ jù nínú gbogbo èyí tí àpilẹ̀kọ yìí mẹ́nu bà. Ó yẹ kí ènìyàn dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Iye ìgbọ̀n ìgbì Langmuir fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti plásímà gan-an. Èlé tín-ín-rín kan ni ó fi jù ú lọ, èlé yìí sì sinmi lórí bí ìgbì ṣe gùn tó láti orí kan dé orí kejì: bí ìgbì bá ṣe kúrú tó ni èlé rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí ìgbì bá ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn nínú plásímà tí kò yí padà pẹ̀lú àsìkò, iye ìgbọ̀n rẹ̀ kì í yí padà. Nítorí náà, bí ó bá wọ ibi tí plásímà ti fúyẹ́, tí iye ìgbọ̀n plásímà ti wálẹ̀, èlé náà ní láti pọ̀ sí i. Ìgbì yóò kúrú, ìyára orí rẹ̀ yóò sì dínkù. Bí ó bá wọ ibi tí plásímà ti ki, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀: ìgbì yóò gùn, orí rẹ̀ yóò sì máa yára sí i. Bí ìki bá sì pọ̀ tó láti jẹ èlé náà tán, ìgbì kò ní lè wọ ibẹ̀ mọ́. Yóò ṣẹ́rí padà.

Ohun méjì ni ó jáde láti inú èyí. Èkíní ni pé ìgbì lè kúrò ní ìṣe déédéé pẹ̀lú ọ̀wọ́ kí ó tó ga, bí ìdagẹ̀rẹ̀ ìki bá le tó. Èkejì, tí ó yani lẹ́nu jù, ni pé ìgbì tí orí rẹ̀ ń yára sí i yóò lọ bá àwọn elékítírọ́ọ̀nù tí ó yára ju èyí tí ó dá a sílẹ̀ lọ, yóò sì fún wọn ní agbára. Àwọn elékítírọ́ọ̀nù kan yóò wá máa sá ju bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe sá nígbà tí ọ̀wọ́ kọ́kọ́ dé. Nínú plásímà tí ó dọ́gba, tíọ́rì quasi-linear kò fi àyè sílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn kan ti fi orúkọ Ryutov ṣe àwíjàre fún ohun tí ìṣirò rẹ̀ kò lè gbé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀fúùfù oòrùn. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ó ṣírò, ìyẹn ìki tí ń dínkù tàbí tí ń pọ̀ sí i ní ìhà kan ṣoṣo. Nínú ẹ̀fúùfù oòrùn, ìki ń dínkù bí ènìyàn ṣe ń jìnnà sí oòrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìki yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Lẹ́bàá ayé, ìdagẹ̀rẹ̀ yìí rọra gan-an. Ìṣirò kúkúrú fi hàn pé ìgbì tí orí rẹ̀ ń sá 100,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lórí irú ìdagẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìyára orí rẹ̀ tó di ìdajì. Ìṣẹ́jú 25 náà ni ọ̀wọ́ fi ń rìn láti oòrùn dé ayé bí ọ̀nà bá tọ́. Kì í ṣe àkọsẹ̀bá ni àwọn iye méjèèjì fi dọ́gba. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ náà ṣe rí ni ó fà á. Ní ibẹ̀ kan náà, bí ọ̀wọ́ bá ṣì jẹ́ elékítírọ́ọ̀nù kan nínú 1,000,000, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré ni gíga ìgbì fi ń di ìlọ́po mẹ́ta. Kí ni ìṣẹ́jú 25 yóò ṣe fún ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ? Ẹni tí ó bá sọ pé ìdínkù ìki láti oòrùn dé ayé ni ó gba ọ̀wọ́ là kò tíì ka iye.

Gbágungbàgun Ẹ̀fúùfù Oòrùn

Àìdọ́gba mìíràn wà tí kì í ṣe ìdagẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà lè dagẹ̀rẹ̀ kí ó sì tẹ́jú. Ó sì lè wà ní títẹ́ kí ó kún fún kòtò àti gegele. Ẹ̀fúùfù oòrùn ní àbùdá méjèèjì. L. M. Celnikier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn gbágungbàgun yìí ní 1983 láti inú ọkọ̀ òfuurufú ISEE, àwọn ìwọ̀n mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ìki a máa lọ sókè sódò ní ìwọ̀n ìdá kan sí mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Bóyá ìdí nìyí tí wọ́n fi gbójú fò ó fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n èlé tín-ín-rín ìgbì Langmuir ni ó yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Fún ọ̀wọ́ tí ó ń sá 30,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá, nínú plásímà tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 100,000 kelvin, àfikún ìki tí ó lè jẹ èlé náà tán kò ju ààbọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fún èyí tí ó ń sá 100,000 kìlómítà, kò tó ìdá márùn-ún nínú 10,000. Gegele tí ó ga ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ odi fún irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Bí ìki bá yí padà ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún láàrin 1,000 kìlómítà, ìyára orí ìgbì yóò di ìdajì láàrin ìṣẹ́jú àáyá méjì, kì í ṣe ìṣẹ́jú 25. Ìṣẹ́jú àáyá méjì kéré sí mẹ́jọ. Níhìn-ín ni ìdáhùn sí Sturrock wà, bí ìdáhùn bá wà níbikíbi.

Àwọn ọkọ̀ òfuurufú Helios ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ojú rí i. Jámánì àti Amẹ́ríkà ni ó jọ fi wọ́n ránṣẹ́, ti àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá 1974, ti èkejì ní oṣù Kìíní 1976. D. A. Gurnett àti R. R. Anderson kéde ní 1976 pé àwọn ti rí ìgbì Langmuir nínú ibi tí Type III ti ń jáde. Ìgbì náà kò tẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí tíọ́rì ti ní kí ó ṣe. Ńṣe ni ó ń ta wọ́n-ín wọ́n-ín, tí ó ga gan-an ní ojú kan, tí ó sì pòórá ní èkejì. D. F. Smith àti D. Sime fi èyí sí ọwọ́ gbágungbàgun ẹ̀fúùfù oòrùn ní 1979: níbi tí ìki bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú nìkan ni ìgbì ti ń ráyè ga. Iṣẹ́ yìí kò gba ìyìn tí ó tó ní àkókò tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú gbogbo ènìyàn wà lára àlàyé mìíràn tí ó lẹ́wà jù ú lọ.

Àlàyé náà ni ti V. E. Zakharov ní 1972, tí K. Papadopoulos, M. L. Goldstein àti R. A. Smith lò fún Type III ní 1974. Ó ní bí ìgbì bá ga tó, yóò ti plásímà sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, yóò sì kó sínú rẹ̀. Báyìí ni yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́. Ẹwà rẹ̀ wà nínú pé kò nílò ohunkóhun láti ìta. Àléébù rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gan-an. Ìgbì tí ó bá jẹ́ 10 millivolt fún mítà kan lẹ́bàá ayé, kòtò tí ó lè gbẹ́ kò tó ìdá kan nínú 10,000 ìki. Kòtò tí ó ti wà nílẹ̀ kí ìgbì tó dé jin tó ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń gbẹ́ ihò pẹ̀lú ìka lórí ilẹ̀ tí ó kún fún ọ̀gbun, kò yẹ kí ẹni tí ó ń kọ ìtàn ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìka. Èyí kò sọ pé Zakharov kò tọ̀nà. Níbi tí ìgbì bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìṣirò rẹ̀ dúró.

P. A. Robinson, ní Sydney, gba ọ̀nà mìíràn ní 1992. Ó ní ọ̀wọ́ náà ti di èyí tí kò lágbára láti ru ìgbì sókè níbi gbogbo, tí kò sì falẹ̀ tó láti jáwọ́. Ó wà ní ẹnu ààlà. Ní ojú kan ìgbì yóò ga, ní ojú kejì yóò lọ sílẹ̀, bí orí bá ṣe ṣe é. Gíga ìgbì yóò wá pín lọ́nà tí ó ṣeé sọ ṣáájú, ìwọ̀n inú ọkọ̀ òfuurufú sì ti ti èyí lẹ́yìn ní ìgbà púpọ̀. Ó ṣòro láti bá tíọ́rì tí ó sọ tẹ́lẹ̀ tí ó sì ṣẹ jà. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìṣesí orí náà sínú ìṣirò. Ó gbà pé gbágungbàgun ni orísun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé ìgbì kan lọ sórí gegele kan láti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Àlàyé púpọ̀ ni ó lè bí irú ìpín gíga kan náà.

C. Krafft, A. S. Volokitin àti V. V. Krasnoselskikh ni ó tẹ̀ lé ìgbì náà ní 2013. Wọ́n kó elékítírọ́ọ̀nù ọ̀wọ́ àti ìgbì Langmuir sínú ìṣirò kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, nínú plásímà tí ìki rẹ̀ ń lọ sókè sódò ní ìwọ̀n tí ó jọ ti ẹ̀fúùfù oòrùn. Ohun tí Ryutov sọ nípa ìdagẹ̀rẹ̀ hàn lórí gbágungbàgun pẹ̀lú: agbára tí ọ̀wọ́ sọnù dínkù, ìgbì kóra jọ sí ojú kọ̀ọ̀kan, àwọn elékítírọ́ọ̀nù kan sì yára ju ọ̀wọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ní 2015, A. Voshchepynets àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò ìṣeéṣe dé ibi tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ti 2013 náà ní ààlà tirẹ̀. Ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kí ìgbì máa rìn sí, síwájú tàbí sẹ́yìn, nígbà tí gegele inú ẹ̀fúùfù oòrùn lè yí ìgbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó yí ìyára rẹ̀ padà. Ìgbì tí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́ láìfún elékítírọ́ọ̀nù tí ó yára ní ohunkóhun. Bí ọ̀pọ̀ ìgbì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́ yóò ṣì là, ṣùgbọ́n elékítírọ́ọ̀nù tí ń yára sí i yóò kéré ju iye tí wọ́n rí.

Ohun tí Ó Wà Nínú Ewu

Ẹnìkan lè bèèrè ìdí tí ó fi yẹ kí ẹni tí kò ka Type III sí fetí sí gbogbo èyí. Ìdáhùn wà nínú iṣẹ́ E. P. Kontar àti H. A. S. Reid ní 2009. Àwọn onímọ̀ ti ń fi elékítírọ́ọ̀nù tí ó dé ìtòsí ayé ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà ìbúgbàmù lójú oòrùn. Wọ́n a wo ìgbà tí elékítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan dé, wọ́n a fi eré rẹ̀ pín ọ̀nà, wọ́n a sì kéde ìgbà tí ó gbéra. Wọ́n a wo bí iye wọn ṣe pín lórí agbára, wọ́n a sì sọ irú ẹ̀rọ tí oòrùn fi sọ wọ́n jáde. Gbogbo èyí gbà pé elékítírọ́ọ̀nù dé pẹ̀lú eré tí ó fi gbéra. Kontar àti Reid ṣírò ìrìn náà láti oòrùn dé ayé, wọ́n sì fi ìgbì Langmuir àti àìdọ́gba ìki kún un. Bí ìpín tí ó gbéra láti oòrùn tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan tí kò ṣẹ́, èyí tí ó dé ayé ṣẹ́ ní àárín, ó sì rọra nísàlẹ̀ ibi tí ó ti ṣẹ́. Àwọn elékítírọ́ọ̀nù tí agbára wọn kéré dà bí ẹni pé wọ́n ti gbéra ṣáájú ìgbà tí wọ́n gbéra gan-an, nítorí pé wọ́n ti sá eré tí ó ju èyí lọ ní apá kan ọ̀nà kí ìgbì tó gba agbára wọn.

Èyí túmọ̀ sí pé apá kan nínú ohun tí wọ́n ti kọ nípa oòrùn lè jẹ́ ìtàn ojú ọ̀nà tí wọ́n kà sí ìtàn ilé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀; àwọn elékítírọ́ọ̀nù tí agbára wọn ga gan-an kéré níye, wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ru ìgbì sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣì ń pín ọ̀nà pẹ̀lú eré fún àwọn tí agbára wọn kéré, tí kò sì mẹ́nu ba ìgbì, ní àlàyé láti ṣe.

Parker Solar Probe tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 2018, àti Solar Orbiter tí ó tẹ̀ lé e ní oṣù Kejì 2020, ti gbé ohun èlò ìwọ̀n dé ibi tí Helios kò dé. Ní oṣù Kejìlá 2024, Parker Solar Probe wà ní nǹkan bí 6,100,000 kìlómítà sí ojú oòrùn. Ohun tí ó lè ya Krafft àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ sí àwọn tí ó gbà pé ìgbì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni iye elékítírọ́ọ̀nù tí ó bá yára ju orí ọ̀wọ́ lọ, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n fún ọ̀wọ́ kan náà nítòsí oòrùn àti lókèèrè, pẹ̀lú gbágungbàgun ìki tí wọ́n wọ̀n ní ojú ọ̀nà kan náà. Bí iye náà kò bá pọ̀ sí i láti ibi kìíní dé ibi kejì, níbi tí gegele ti pọ̀, ìṣirò tí ó mọ ìhà kan ṣoṣo kò lè dúró mọ́.